Àpáta Tó Bú Kí Fèrè Tó Dún

Nígbà tí a dé ìdí àpáta náà ní Ọ̀kà, láfún ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó sá a ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó rántí palẹ̀ nǹkan kan mọ́. Apá ọ̀tún ni òkúta já lé jù, láfún ibẹ̀ sì ti mu ẹ̀jẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, n kò wò ó mọ́. Wọ́n ti gbé òkú Àwẹ̀ró lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ògúnsúyì bí nìyẹn, wọ́n sì ti ń múra ìgbéyàwó rẹ̀.

Orúkọ mi ni Kareem, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ní Ìkàrẹ́. Iṣẹ́ yìí ti sú mi, n kò ní purọ́. Ohun tó sú mi jù níbẹ̀ ni pé bí ọmọ ẹni bá kú ikú òjijì, ẹni tí wọn ó pa ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹni tó ṣe é gan-an lè dúró dìgbà tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe máa ń rí níbẹ̀. Orí àpáta pẹrẹsẹ yẹn ni àwọn obìnrin àdúgbò náà ti ń sá láfún kí ilé-iṣẹ́ afọ́kùúta tó dé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dé, wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ọjọ́ tí wọn yóò bá fi dánámáìtì fọ́ òkúta, wọn á lẹ àkókò rẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu géètì, ọmọkùnrin kan á sì fọn fèrè kí ó tó bú. Bí fèrè bá ti dún, àwọn obìnrin á kó láfún wọn, wọn á gba ilé lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, adìẹ kan kò kú rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìrọ̀lẹ́ ni pátákó sọ. Ọ̀sán gangan ni àpáta bú, fèrè kò sì dún rárá.

Raheem ni ọmọkùnrin tó ń fọn fèrè, ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Gbogbo Ọ̀kà ló mọ̀ pé ó ti dẹnu ìfẹ́ kọ Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sì sọ fún un pé òun ti ní ẹni tí òun fẹ́. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa á jẹ? Kí a tó dé, àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀kà ti yí táyà dé ọ̀dọ̀ Raheem láti dáná sun ún. Ìbọn tí mo yìn sókè ló jẹ́ kí a rí i gbà, wọ́n sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ wa.

Inspẹ́kítọ̀ Àsàmáù ló ń ṣe ìwádìí náà. Obìnrin kúkúrú ni, Mùsùlùmí ọmọ Ìkàrẹ́, ó sì máa ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ọlọ́pàá dákẹ́ lọ. Gbogbo ibi tí mo bá ti ń jágbe mọ́ èèyàn, òun á máa wo ilẹ̀. Bí ó bá wá gbé ojú sókè tó béèrè nǹkan kan báyìí, ẹni tí mò ń jágbe mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ọ̀gá wa àgbà kò fún un láyè púpọ̀. Ó ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn, pé ní ọ̀la ni kí wọ́n gbé Raheem lọ sí kóòtù ní Àkúrẹ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Bàbá Ògúnsúyì náà ti ránṣẹ́ pé bí ìjọba kò bá ní ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀kà mọ ọ̀nà Ìkàrẹ́.

* * *

Inú yàrá àtìmọ́lé ni a bá Raheem, ó fi orí ti ògiri.

"Kí ló dé tí o ò fọn fèrè?" Èmi ni mo béèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù, sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọn ti ọ̀sán nígbà tí mi ò mọ̀?"

"Níbo lo wà?"

"Ní bùkátéríà ìyá kan lójú títì. Mo gbọ́ gbàmù, mo rò pé táyà tírélà ló bẹ́."

"Irọ́ ni! O mọ̀ pé Àwẹ̀ró wà lórí àpáta!"

"Mo mọ̀, sà. Mo kí i nígbà tí mò ń kọjá. Ó ní kí n ra ẹ̀kọ bọ̀ wá fún òun." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Walahi, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa mí, kí wọ́n pa mí. I no get power again. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé èmi kọ́."

Nígbà tí a dé ìta, Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí mi.

"Kareem, kí ló ń dáná sí dánámáìtì yẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Mà. Wọ́n ní fóòmàn á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárọ̀. Bí àkókò tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà bá pé, òun fúnra rẹ̀ ló máa rán iná sí i."

"Ṣé fèrè wà lára rẹ̀?"

"Rárá, Mà. Ẹnu ni wọ́n fi ń fọn fèrè."

"Nígbà náà, Raheem ì báà fọn fèrè, ì báà má fọn ọ́n, kò lè mú kí àpáta bú lọ́sàn-án. Ẹni tó gbé ìrọ̀lẹ́ kúrò tó fi ọ̀sán sípò rẹ̀ ni mò ń wá."

Inú bí mi pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro ìyẹn. Mo lọ gbé ọkọ̀.

* * *

Fóòmàn náà ń jẹ́ Badmus. Géńdé ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè. Òun àti Bàbá Ògúnsúyì ti fa ọ̀rọ̀ rí nítorí ilẹ̀, torí ìdílé Ògúnsúyì ló ni òkè yẹn, àwọn ló sì ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Mo ti sọ fún ara mi pé a ti rí ẹni tí à ń wá.

"Ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ," mo ní.

"Kọ́kọ́rọ́ kì í mọ aago. Mo ṣí i láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣí i, mo bá tèmi lọ. À ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tó bú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lèmọ́mù."

"Ìwọ àti Bàbá Ògúnsúyì kò rẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A jà, a parí. Ṣé nítorí ìjà ilẹ̀ ni n ó ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Inspẹ́kítọ̀ ti rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alùpùpù kan wà lábẹ́ igi níbẹ̀, àfọ́kù òkúta ti pa á run, táńkì rẹ̀ ti wọnú.

"Ta ló ni èyí?"

Ohùn Badmus wálẹ̀. "Èmi ni, Àlàájà. N kò tíì parí owó rẹ̀."

"Ìwọ lo gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ?"

"Abẹ́ òjìji ni mo máa ń gbé e sí láàárọ̀. Bó bá ti kù díẹ̀ kí a yìn ín, mo máa gbé e kúrò."

Inspẹ́kítọ̀ ní kí ó máa lọ. Mo ní, "Mà, ṣé a ó fi sílẹ̀ báyẹn?"

"Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀sán ni yóò bú kò ní fi alùpùpù tí kò tíì parí owó rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, Kareem. Jẹ́ ká lọ rí kọ̀ǹpútà."

* * *

Suleiman ni ẹ̀ńjíníà tó ni kọ̀ǹpútà. Òun ló kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa kí a tó jókòó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, ó sì ṣí ojú ìwé kan nínú kọ̀ǹpútà hàn wá. Àkókò yíyìn ọjọ́ náà wà níbẹ̀, ọ̀sán ló sì jẹ́.

"Ta ló kọ ọ́?" mo béèrè.

"N kò mọ̀, sà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́, mo tẹ ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó nìyẹn."

"Ta ló tún ní páásíwọ̀ọ̀dù?"

"Èmi nìkan ni."

Mo fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tèmi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tọ́jú ọ́fíìsì náà, Memunat, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ bọ ẹnu.

"O fẹ́ sọ nǹkan," Inspẹ́kítọ̀ sọ fún un.

"Rárá, Àlàájà... Bóyá kò tiẹ̀ kàn án. Bàbá Ògúnsúyì wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn àti Ọ̀gá Suleiman jọ wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé iṣu wá fún wọn."

"Iṣu!" Èmi ni mo pariwo. "Ẹ ò rí i! Ó gba iṣu!"

Igun yàrá ni àwọn iṣu náà wà, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Suleiman kò lè wo ibẹ̀.

"Kí ni Bàbá wá fẹ́?" Inspẹ́kítọ̀ béèrè.

"Ọjọ́ yẹn ló bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bọ òkè, Mà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa gun òkè lọ. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n gbé e sí ọ̀sán, kí eruku ti rọlẹ̀ kí àwọn tó débẹ̀."

"O sì gbé e sí ọ̀sán fún wọn."

"Rárá, Mà! Mo fi Ọlọ́run búra! Ọ̀sán ni àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń gba abẹ́ àpáta yẹn relé. N kò lè ṣe é, mo sì mọ̀ pé n kò lè ṣe é."

"O wá sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe."

Suleiman wo ilẹ̀. "Àgbà ni wọ́n, Mà. Gbogbo irun orí wọn ló ti funfun, wọ́n sì ru iṣu wá fúnra wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú wọn kí n ní rárá?"

Ní òótọ́, n kò lè bá a wí níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ wa nìyẹn. A kì í sọ fún àgbà pé rárá. A ó ní, "A ó wò ó, Bàbá." A ó jẹ́ kí ó lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, lẹ́yìn náà a ó wá ẹlòmíràn tí yóò lọ jẹ́ iṣẹ́ burúkú náà fún un. Ọmọlúàbí ni wọ́n ń pe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n jókòó. Ibì kan wà nínú ètò mi tí mo pè ní Dán-an-wò. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo bí òkúta àti eruku ṣe máa fò bí a bá yí nǹkan padà. Mo ti tẹ ìwé pátákó jáde kí wọ́n tó wá; mo wá fi Dán-an-wò gbé àkókò náà sí ọ̀sán lójú wọn. Wọ́n rí i, inú wọn dùn, wọ́n gbàdúrà fún mi. Nígbà tí wọ́n lọ, mo pa á dé. Lọ́jọ́ kejì, mo rán Badmus sí wọn pé àwọn ọ̀gá ní Èkó kò gbà, pé ìrọ̀lẹ́ náà ni."

"O ò wá fi pa mọ́ sínú ètò?"

"N kò fi pa mọ́, Mà. Ìdánwò lásán ni."

Mo ní irọ́ ni, pé ó gba iṣu, ó sì ṣe iṣẹ́ iṣu. Inspẹ́kítọ̀ mi orí.

"Ronú sí i, Kareem. Bó bá jẹ́ pé ó gba iṣu kí ó lè yí i padà, kí ló dé tí kò yí ti pátákó? Kí ló dé tí kò sọ fún Raheem? Kò sí ohun tó le nínú ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣoore fún àgbà kò ní fi àwọn obìnrin sílẹ̀ lórí àpáta. Àwọn tí èèyàn lè sọ pé wọ́n bá Àwẹ̀ró ní nǹkan nínú kò lè dé ibi kọ̀ǹpútà yìí. Ẹni kan ṣoṣo tó lè débẹ̀ kò bá a ní nǹkan nínú. Mo rò pé ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé òun ṣe é."

* * *

Inspẹ́kítọ̀ ní kí Badmus yọ kọ́kọ́rọ́, kí ó sì tú gbogbo wáyà tó jáde lára kọ̀ǹpútà náà. Èmi fúnra mi lọ wò ó pé ó tú wọn. Nígbà náà ló wá fa àga súnmọ́ Suleiman.

"Ṣàlàyé Dán-an-wò yẹn fún mi bí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà."

"Fọ́ńṣọ̀n kan ni, Mà. Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ kan ló jókòó sínú ètò náà. Mo máa gbé nǹkan lé e lọ́wọ́, á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí, á fi àbọ̀ jẹ́ mi."

"Kí lo gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Bàbá wá?"

"Ètò yíyìn ti ọjọ́ náà."

"Ojúlówó, àbí ẹ̀dà rẹ̀?"

"Ẹ̀dà ni, Mà. Ẹ̀dà ló máa ń gbà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Suleiman yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ti lò ó láìmọye ìgbà ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé. Kò yí nǹkan kan padà rí."

"Kọ ìrọ̀lẹ́ síbẹ̀ báyìí."

Ó kọ ọ́.

"Lọ sínú Dán-an-wò. Gbé e sí àárọ̀."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán òkúta ń fò lójú kọ̀ǹpútà, eruku ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Pa á dé. Má fi nǹkan kan pa mọ́. Ó dára. Ṣí ojúlówó fún mi."

Suleiman ṣí i. Àárọ̀ ló wà níbẹ̀.

Suleiman tún kọ ìrọ̀lẹ́ síbẹ̀, ó tún dán an wò, ó tún pa á dé, ó tún ṣí i. Àárọ̀ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àfi ìgbà tí Inspẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ lé e léjìká.

"Kí lo yí padà láàárín ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí?"

"Èdè," ló wí. Kò jọ ohùn rẹ̀ mọ́. "Ní ọdún tó kọjá, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ ní èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, torí ti àtijọ́ ń lọ́ra. Ní ti àtijọ́, bí mo bá gbé ètò yẹn fún fọ́ńṣọ̀n, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà ló máa gbé fún un. Ní ti tuntun yìí, kì í ṣe ẹ̀dà. Àdírẹ́sì ló ń gbé fún un. Mo mọ̀ ọ́n! Wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé! Ó yẹ kí n fúnra mi ṣe ẹ̀dà kí n tó gbé e sílẹ̀. Ìlà kan péré ni, Mà. N kò rántí."

Kò yé mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí mi.

"Bí mo bá fún ọ ní fọ́tòkọ́pì sátífíkéètì mi, tí o fà á ya, ṣé nǹkan kan ṣe tèmi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Mà."

"Bí mo bá wá sọ fún ọ pé, Kareem, sátífíkéètì mi wà nínú yàrá mi, lábẹ́ ìrọ̀rí, lọ ṣe ohun tí o bá fẹ́ ṣe sí i níbẹ̀ ń kọ́?"

"Ohun tí mo bá ṣe sí i ni ẹ ó bá nílé."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó rò pé fọ́tòkọ́pì ni òun fi ń bá Bàbá ṣeré. Inú yàrá ni ó rán an lọ." Ó tún béèrè lọ́wọ́ Suleiman, "Kí ló dé tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọdún tó kọjá?"

"N kò lo Dán-an-wò láti ìgbà tí mo ti tún un kọ. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ mí." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Sájẹ́ǹtì, ẹ dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dè mí."

Mo dè é. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí mo ti fi ayọ̀ fà yọ ṣáájú wá le lọ́wọ́ mi láti tì.

* * *

Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló kún iwájú àgọ́ wa ní Ìkàrẹ́ nígbà tí a padà dé. Àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀kà ni wọ́n. Wọn kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bàbá Ògúnsúyì jókòó nínú yàrá Inspẹ́kítọ̀, ó ń dúró.

Mo fa Inspẹ́kítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, ẹ má sọ ọ́ fún un tán. Ẹ sọ pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ẹ fi síbẹ̀."

"Wọ́n á gbà?"

"Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gbà?"

"Lọ sọ fún àwọn tó wà níta yẹn pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, kí o wá tú Raheem sílẹ̀ lójú wọn. Wọ́n á ní ìyá mi àti ìyá rẹ̀ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Kò ní dé ilé láàyè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbà ni èyí tí Bàbá bá sọ fún wọn, Bàbá kò sì ní sọ ohun tí kò gbà. Bí mo bá yọ èyí tó kan òun kúrò, kí ló kù tí yóò gbà? Ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà yẹn. Ó fojú ara rẹ̀ rí ọ̀sán níbẹ̀."

Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà máa ti jáde.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. Ọlọ́pàá kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àgọ́, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá."

"Ọ̀fọ̀ kọ́ mo wá gbà. Ta ló pa ọmọ mi?"

Ó sọ ọ́ fún un. Kò fi nǹkan kan bò, kò sì kánjú. Ó sọ ti ìbẹ̀wò rẹ̀, ti iṣu, ti àwòrán tí wọ́n jọ wò. Ó sọ pé Suleiman kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, pé eré ló pè é, pé eré náà ló wọ inú iṣẹ́. Bàbá Ògúnsúyì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira.

"Wọ́n ní wọ́n kọ̀," ló wí. "Badmus wá sí úlé mi. Ó ní ọ̀gá wọn kọ̀."

"Wọ́n kọ̀ lóòótọ́, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ pé wọ́n kọ̀."

"Àwẹ̀ró fẹ́ kó láfún rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí òun tètè kó o, kí òun lè bá wọn se oúnjẹ ọdún. Mo ní kó fi í sílẹ̀ kó gba oòrùn díẹ̀ sí i. Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni." Ó wo Inspẹ́kítọ̀ lójú. "Èmi ni mo ní kó lọ yí láfún náà lọ́sàn-án yẹn."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Ẹ ò mọ̀."

"Yèyé rẹ̀ ti kú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún yèyé rẹ̀ bí mo bá débẹ̀?"

Mo wo ògiri. Bàbá náà di ọwọ́ àga mú, ó dìde, ó kọ̀ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó béèrè ibi tí Raheem wà. Mo mú un dé ẹnu yàrá àtìmọ́lé, ó sì wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀ láti ìta. Raheem dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó ń sọ pé, "Èmi kọ́, Bàbá, walahi, èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Dìde."

Ó jáde lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà, èmi àti Inspẹ́kítọ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n rí i. Ọ̀kan nínú wọn, tí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní, "Bàbá, ṣé wọ́n á fà á lé wa lọ́wọ́?"

"Ẹ máa lọ úlé. Ọmọkùnrin yẹn kò ṣe nǹkan kan."

"Ta ló wá pa á?"

Mo rò pé á sọ pé Suleiman ni. Mo tilẹ̀ ti ń ro bí a ṣe máa sáré gbé Suleiman gba ẹ̀yìn lọ. Bàbá Ògúnsúyì nu ẹnu rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yìn ín lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ wọ́n gan-an ni. Wọ́n sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi."

Àwọn ọ̀dọ́ náà ń wo ara wọn, wọ́n ń wo Inspẹ́kítọ̀, wọ́n ń dúró kí ẹnì kan sọ fún wọn pé ọ̀fọ̀ ló ń mú Bàbá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.